TA NI Ó NI Ọ̀RỌ̀ NÍNÚ ILÉ?

Ẹ̀yin bàbá ilé àti ẹ̀yin ìyá ilé tí ẹ máa ń ka ojú-ìwé yìí, kò tíì pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ránṣẹ́ pè wá, tí ó sì ní kí a bá òun kọ lẹ́tà kan. Iṣẹ́ akọ̀wé ni a ti ń ṣe láti ìgbà èwe wa, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ní ìwúwo nínú ẹbí wa tí kì í gba abẹ́ kálámù wa kọjá. Òótọ́ ni pé fóònù wà lọ́wọ́ tèwe-tàgbà nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa gbà pé ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sínú ìwé, tí a sì buwọ́ lù, ni ọmọ kò lè sọ pé òun kò gbọ́. Ọmọ tí a fẹ́ kọ ìwé sí ni ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní Yunifásítì Ìlọrin, tí ó gba yàrá sí Tanke. Ohun tí ó ní kí a kọ kò sì gùn: kí ó wá sí ilé, kí ó sì wá kíákíá.

Ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà ni pé wọ́n yàn án láti ṣe ọba nínú eré orí ìtàgé kan, eré tí obìnrin ti jókòó lórí ìtẹ́, tí ó sì kọ̀ láti dìde. Ẹnì kan ti lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n wa pé ní ìparí eré náà, ńṣe ni àwọn obìnrin ń tú aṣọ. Ó ní owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òun ń san, òun kò san án kí ọmọ òun lè máa tú aṣọ ní gbangba.

A kọ lẹ́tà náà. Ṣùgbọ́n a kò fi í ránṣẹ́. A fi í sí àpò, a sì wọ ọkọ̀ lọ sí Tanke fúnra wa, nítorí kò yẹ kí àgbàlagbà dá ẹjọ́ eré tí kò tíì kà.

Ẹni tí ó bá mọ Ìlọrin mọ ọ̀nà Tanke. Ọ̀nà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà láti ìgboro lọ sí ọgbà ńlá Yunifásítì. Gáréèjì Típà wà níbẹ̀, Òkè-Odò wà níbẹ̀, ilé tí a kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ bí ìlasa. Ní ìrọ̀lẹ́, bí a ti ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ni agogo ìpàdé àdúrà ń dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí ń dín àkàrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dà ìwé. Nígbà tí a dé yàrá ọmọ náà, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó fún wa ní omi tútù, kò sì bi wá léèrè ohun tí a bá wá. Ó mọ̀. A ní kí ó gbé ìwé eré náà wá kí a rí i.

Orúkọ eré náà ni The Reign of Wazobia. Tess Onwueme, obìnrin tí a bí ní Ogwashi-Uku ní 1955, tí ó sì lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́. Ìwé náà sì jáde ní 1988. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. A ti ń gbọ́ Wazobia ní Nàìjíríà títí ó fi di ohun yẹpẹrẹ létí wa. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó so pọ̀: “wá” ti Yorùbá, “zo” ti Hausa, “bịa” ti Ìgbò, ìtumọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní. Ní Ìlọrin, níbi tí Yorùbá àti Hausa ti ń gbé pọ̀ tipẹ́tipẹ́, “wá” àti “zo” kì í ṣe àlejò sí ara wọn. Bí ẹ bá sì dé ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣòwò ní Tanke, ẹ óò gbọ́ “bịa” pẹ̀lú. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń sọ fún obìnrin ni. Wá gbé oúnjẹ. Wá gba ọmọ. Wá gbọ́ ohun tí a ti pinnu. Onwueme mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe obìnrin, ó sọ ọ́ di orúkọ obìnrin tí ń pe àwọn ẹlòmíràn.

Ìlú tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ ni a pè ní Ilaa. Ọba wàjà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, a fi ọmọbìnrin kan jókòó sórí ìtẹ́ fún ìgbà díẹ̀ títí a ó fi rí ọba tuntun. Èyí kò gbọdọ̀ ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí ní Àkúrẹ́ àti ní Èkìtì, nígbà tí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin ọba a máa di adelé. A máa múra bí ọkùnrin, a máa dé fìlà, àwọn ìjòyè tí ó lè bí i lọ́mọ a sì máa kí i ní Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n adelé mọ̀ pé àyè ni òun ń gbà sílẹ̀. Wazobia kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, ó ní òun kò lọ mọ́. Ó ti pe àwọn obìnrin wá sí ìgbìmọ̀, ó ti dá ẹjọ́ ọkọ tí ń na aya. Àwọn ìjòyè gbìmọ̀ pọ̀ láti lé e kúrò, nígbà náà ni àwọn obìnrin ìlú jáde ní ìhòhò láti dáàbò bò ó.

A bi ọmọ náà nípa ti aṣọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, a kò tú aṣọ kankan. Ìró ni a ó so mọ́ àyà, bí ìgbà tí Màmá bá ń lọ wẹ̀.” Ó sì tún fi kún un pé àwọn ìyá àgbà ní Èkìtì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 2009, ní ìgboro, nítorí ọ̀rọ̀ ìdìbò, kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́. A kò rí èsì fọ̀. Àgbà obìnrin tí ó bá tú aṣọ nílẹ̀ wa kì í ṣe eré. Ẹni tí ó bá rí i a máa gbé ojú rẹ̀ sá. Onwueme mọ èyí, a sì rò pé ó dá a lójú pé àwọn òǹwòran rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n.

Ọmọ náà ní kí a bá òun ka apá kan, kí a ṣe ìjòyè, kí òun ṣe ọba. A kà á. Ó ní a ń kà á bí ẹni ń ka Ẹ̀kọ́ Kìíní ní ọjọ́ Ìsinmi, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n bí a ti ń kà á, ọkàn wa fò lọ sí ìwé Ẹ́stérì, orí kìíní, tí a ti kọ́ àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi láìmọye ìgbà. Ọba Ahaswerusi, ẹni tí ó jọba lórí ìgbèríko 127, se àsè. Ní ọjọ́ keje, nígbà tí ọtí ti wọ̀ ọ́ lára, ó rán ìwẹ̀fà 7 kí wọ́n pe Faṣti ayaba wá, kí àwọn ènìyàn lè rí ẹwà rẹ̀. Faṣti kò wá. Ohun tí a kò fi ara balẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ rí ni ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ ọba ṣe lẹ́yìn náà. Wọn kò bẹ̀rù Faṣti nìkan. Wọ́n bẹ̀rù pé gbogbo obìnrin yóò gbọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ ìwé sí gbogbo ìgbèríko, sí ènìyàn gbogbo ní èdè tirẹ̀, pé kí olúkúlùkù ọkùnrin jẹ́ olórí nínú ilé rẹ̀. Ẹ kíyè sí i: wọ́n wá ògbufọ̀ àti akọ̀wé fún iṣẹ́ náà. Nítorí pé obìnrin kan kọ̀ láti wá, gbogbo akọ̀wé ìjọba ni kò sùn. Àwa tí a jẹ́ akọ̀wé, lẹ́tà sì wà nínú àpò wa, a gbé ìwé eré náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọgbà tí ọmọ yìí ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àjèjì sí irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní 1975 ni a dá a sílẹ̀ lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Zulu Sofola ti ṣe olórí ẹ̀ka tí ń kọ́ni ní eré ṣíṣe. A bí i ní 1935, ìran Issele-Uku ni. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ìbàdàn. Ó kú ní 1995. A máa ń kà á sí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ eré orí ìtàgé ní Áfíríkà. Nínú Wedlock of the Gods, tí ó jáde ní 1972, ó sọ ìtàn ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ fi fún ọkọ tí kò fẹ́, kí owó orí rẹ̀ lè wo arákùnrin rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò dá. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè. Ikú ni ó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n The Sweet Trap, tí ó jáde ní 1977, ni ó fa àríyànjiyàn jù. Clara, aya olùkọ́ ní Yunifásítì, fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Fẹ́mi ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ ṣe é. Ó lọ ṣe é ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àkókò ọdún Òkè'Bàdàn ni, nígbà tí ẹnu gbogbo ìlú tú, tí a ń fi ara obìnrin àti ọkùnrin kọrin ní ìgboro, ọ̀rọ̀ tí kò sí ẹni tí ó jẹ́ sọ ọ́ ní ọjọ́ mìíràn. Ó parí sí pé Clara kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka ìwé náà ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, a pàtẹ́wọ́. A rò pé ilé ti tòrò. Nísinsìnyí, bí a ti tún rántí rẹ̀ ní yàrá Tanke yìí, ohun mìíràn ni a rí: akọrin Òkè'Bàdàn sọ ohun tí ó wù ú nípa obìnrin, a sì pè é ní ọdún, Clara sọ pé òun fẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ òun jẹun, a sì pè é ní ọ̀tẹ̀. Ta ni a ní kí ó kúnlẹ̀?

Kí a má baà ṣẹ̀ sí òkú, ẹ jẹ́ kí a sọ èrò Sofola pẹ̀lú. Nínú àpilẹ̀kọ kan tí a tẹ̀ ní 1998, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní obìnrin ilẹ̀ wa ní ipò àti oyè tirẹ̀ nígbà àtijọ́, àti pé àṣà àwọn Lárúbáwá àti ti àwọn Òyìnbó ni ó gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ kí obìnrin wa lọ yá ìjà láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tí ó bá mọ Ìyálóde kò ní jiyàn pátápátá pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀ Clara wà lórí ìkúnlẹ̀, a kò sì lè gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀.

Stella Oyedepo, tí ó kọ́ni ní Ilé-ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Kwárà ní Ìlọrin, tí ó sì kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2019 nígbà tí ó ń ṣe olórí Gbọ̀ngàn Eré ti Orílẹ̀-Èdè ní Èkó, gba ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rín ni ó fi ṣe ohun ìjà. Orúkọ eré rẹ̀ kan ni The Rebellion of the Bumpy-Chested, bí ẹni pé “Ọ̀tẹ̀ Àwọn Tí Àyà Wọn Yọ Síwájú”. Àwọn aya kó ara wọn jọ bí ọmọ ogun lábẹ́ olórí tí ń jẹ́ Captain Sharp, wọ́n ń yan bí ṣọ́jà, wọ́n sì fi iṣẹ́ ilé lé ọkọ lọ́wọ́. Àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa yóò sọ pé orúkọ eré náà kò mọ́ lẹ́nu. Àwa náà kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí a bá ń fi àyà pe obìnrin, a jẹ́ pé ọkùnrin náà ti di aláyà pẹlẹbẹ, ta ni yóò gbà kí a máa fi èyí pe òun nínú ìpàdé? Ó tún ní eré mìíràn tí ó pè ní Our Wife Has Gone Mad. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ó ń sọ: “ìyàwó wa” ni, kì í ṣe ìyàwó ẹnì kan. Gbogbo agbo ilé ni ó ni ìyàwó.

Níhìn-ín ni èdè wa ti ṣe ohun ìyanu. Nínú Yorùbá, “ó” àti “òun” kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. “Ọmọ” kò sọ ọ́, “ọba” pàápàá kò sọ ọ́. Bí a bá túmọ̀ Wazobia sí Yorùbá, a kò ní í pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú oyè rẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọmọ Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, kọ ìwé ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1997. Ó ní ẹni tí ó ṣáájú àti ẹni tí ó tẹ̀ lé e ni èdè wa ń wò, kì í ṣe akọ àti abo. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ìyàwó ilé a máa pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin ní “ọkọ mi”. A gbà fún un dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tẹ̀ lé ẹlòmíràn wọ ilé ọkọ ni obìnrin, ìgbà gbogbo ni ó sì jẹ́ àbíkẹ́yìn níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ tí ó bá nínú ilé, bí ọmọ náà tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Kí ni ó wá ń ṣe? Ó ń sọ wọ́n ní orúkọ tirẹ̀: Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Ìbàdíàrán. A gba orúkọ lẹ́nu rẹ̀, ó dá òmíràn sílẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa, ìyá ọmọ yìí, “Akọ̀wé mi” ni ó ń pè wá láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé, nígbà tí a ṣì ń lọ sí ilé-ìwé. Àwa kò sì tíì di akọ̀wé nígbà náà. Bóyá òun ni ó sọ wá dà á.

Níkẹyìn a yọ lẹ́tà náà, a fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó kà á ní ìdúró. Kò ké, kò sì bínú. Ó fi ìka sí ìlà kìíní, níbi tí a kọ ọ́ sí pé, “A ti jíròrò, a sì ti pinnu pé kí o wá sí ilé.” Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ta ni ‘a’ yìí? Ṣé Màmá wà nínú rẹ̀?”

A kò lè dá a lóhùn. A kò bi ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa sọ ọ́, àwa kọ ọ́, ó sì ti di “a”.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Fún ọdún 21 ni a fi jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìjọ kan tí a kò ní dárúkọ. Ní ìpàdé lẹ́yìn ìpàdé, nígbà tí àwọn bàbá bá ti parí ọ̀rọ̀, àwa a kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Àwọn ìyá sì fara mọ́ ọn.” Ìgbà mìíràn a jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ni àwọn ìyá wà, tí wọ́n ń bu oúnjẹ. A kò ní èrò búburú. Bí a ti bá a nínú ìwé akọ̀wé tí ó ṣáájú wa nìyẹn, a sì ń tẹ̀ lé e. Ìwé náà wà títí di òní. Bí ẹnì kan bá kà á ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, yóò rò pé àwọn ìyá wa kò ní èrò tí ó yàtọ̀ rí.

Nígbà tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde sí owó orí, tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì tí ó ṣe aṣáájú wọn ti kàwé ní ìlú Òyìnbó, Gẹ̀ẹ́sì sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Síbẹ̀ ó bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró aṣọ bí àwọn ìyá ọlọ́jà, ó sì ń bá àwọn aláṣẹ Òyìnbó sọ Yorùbá, kí àwọn náà máa wá ògbufọ̀. Àwọn eré tí a ti ń sọ láti òkè wá, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Èyí ni ó ń dùn wá nípa wọn. Ìyá tí ń dín àkàrà ní ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ yìí lè gbọ́ ìró wọn láti ojú fèrèsé, kí ó má sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí a padà dé ilé, a kò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ̀yìnkùlé ni a gbà wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìtẹ́, Wazobia, ìró tí a so mọ́ àyà, lẹ́tà. A sì bi í ní ohun tí ó yẹ kí a ti bi í kí a tó mú kálámù, pé kí ni òun rò.

Ó ṣa ẹ̀wà títí, a rò pé kò ní fèsì. Lẹ́yìn náà ó ní, “Akọ̀wé mi, ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ ṣe é?”

A sọ ọjọ́ náà fún un.

“Èdè wo ni wọn yóò fi ṣe é?”

A ní Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ó gbọn atẹ ẹ̀wà náà, ó fẹ́ pàǹtí inú rẹ̀ dànù. Ó ní, “Ẹ óò jókòó tì mí nígbà náà, ẹ óò máa sọ ọ́ sí mi létí. Kí ẹ sì sọ ọ́ bí ó ti rí o.”